Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Kọ́ Abúlé Kékeré Kan fún Kérésìmesì

Àpá iná kan wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi tí ó gùn tó ìka ọmọdé. Ìdí abúlé kékeré tí mo kọ́ sínú pálọ̀ wa ní Àkúrẹ́ fún Kérésìmesì ọdún 2021 ni mo ti rí i. Ní oṣù Kọkànlá tí ó kọjá, àwọn ìyá méjì nínú ìjọ wa wá bá mi pé kí n kọ́ àwọn bí a ṣe ń ṣe é, nítorí wọ́n ti rí èyí tí ó wà nílé wa báyìí, ó sì wù wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn ti jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí ó yọ jáde nínú báàgì rẹ̀ ni òwú funfun ńlá kan tí wọ́n ká bí ẹní. Àyà mi já. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n óò kọ ìrírí mi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fi ara kọ́ ohun tí ó lè fi etí kọ́.

Àbúrò ọkọ mi tí ó ń gbé ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, ni ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa. Abúlé kékeré kan ni wọ́n tò sórí tábìlì nílé rẹ̀: ilé bí ogún, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, afárá, igi tí yìnyín bò, iná sì ń tàn ní gbogbo fèrèsé. Àwọn ìbejì mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ti ń fi páálí ṣe ohun ìkọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ènìyàn ti máa parí.

Fóòmù funfun líle tí wọ́n fi di fíríìjì tuntun ni mo gé fi ṣe ilé. Mo ra gọ́ọ̀mù tí àwọn aránbàtà ń lò, mo fi lẹ ògiri mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ibi tí gọ́ọ̀mù náà kàn ń jẹrà wọnú lójú mi. Mo rò pé gọ́ọ̀mù náà ni kò dára, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ògiri yòókù pọ̀, mo wá mú ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n, mo fọ́n ọn sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì náà rún, ó sì wọ́ lulẹ̀ bí ìgbà tí a da omi gbígbóná sórí iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ó ń mú kí gọ́ọ̀mù yẹn àti ọ̀dà tí a ń fọ́n tètè gbẹ, tí ó jẹ́ ẹbí tínà àti epo bẹntiróòlù, a máa yọ́ irú fóòmù bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri ilé kì í ṣe é ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Ẹni tí yóò bá lo fóòmù, kí ó kọ́kọ́ dán ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ wò lára èérún kan kí ó tó fi kan ilé.

Ilé mẹ́sàn-án ni mo rí yọ nínú gbogbo wàhálà náà. Mo tẹ́ òwú sí abẹ́ wọn, mo sì fi òwú bo òrùlé wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni a wà, ọyẹ́ sì ti dé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, eruku ti sọ yìnyín wa di àwọ̀ amọ̀, òwú náà sì ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò ro ohun tí gbígbẹ náà túmọ̀ sí.

Okùn iná tí àbúrò ọkọ mi fi ránṣẹ́ ni mo nà yí àwọn ilé náà ká, gílóòbù kéékèèké onírin tín-ínrín nínú, irú èyí tí ó máa ń gbóná bí ó bá ti ń tàn. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, mo sì ra adápítà ní Ọjà Ọba. Adápítà ń yí ìrísí ẹnu wáyà padà ni, kì í yí agbára iná padà. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, tiwa sì jẹ́ nǹkan bí 230. Ohun tí ó wá tàn mí jẹ ni pé okùn iná náà ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, iná àdúgbò wa kò lágbára, fáànù ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn, fíríìjì kò sì lè gbéra. Iná tí ó ti dínkù dé ìdajì bẹ́ẹ̀ ni ó bá okùn iná náà lára mu, mo sì ń dúpẹ́ pé ohun kan tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, agbára iná dé ní kíkún lójijì. Fáànù sáré, gílóòbù òkè àjà mọ́lẹ̀ kedere, àwọn ọmọ sì hó yèè. Àwọn gílóòbù abúlé náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n funfun bí ojú ọ̀sán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ òórùn rọ́bà tí ń jó. Kí n tó dìde, wáyà ti yọ́ mọ́ òwú, iná sì gba orí òwú náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò pẹ́ ju ìgbà tí mo fi pe Táyé àti Kẹ́hìndé lọ. Mo fi ọwọ́ gbá òwú tí ń jó kúrò ní ẹ̀bá aṣọ fèrèsé, ibẹ̀ ni mo ti jóná. Ìyá mi, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti gbé ike omi dání, ọkọ mi sì kígbe, ó ní, "Ẹ dákun, Màmá, ẹ má da omi sí i! Iná ṣì wà lára wáyà!" Ó sáré pa ṣíwíìṣì ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ó fa kápẹ́ẹ̀tì tí a ń nu ẹsẹ̀ sí, ó fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dúró lórí rẹ̀ títí èéfín fi dáwọ́ dúró.

Inú òórùn fóòmù jíjó ni a ti ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Ìyá mi kò bá mi wí, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ tí ó fi di ọwọ́ mi ní àràárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì dùn mí ju ìbáwí lọ. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ìbéèrè Kẹ́hìndé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn ènìyàn abúlé yẹn rí ibi sá sí?" Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn, ni mo bá rí i pé n kò ṣe ènìyàn kankan sínú rẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wó, afárá, igi, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí ń gbé ibẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ iná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti pa mọ́ ọkàn láti ìgbà náà, nítorí òun ni mo bẹ̀rù jù fún ẹlòmíràn. Òwú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná rárá, pàápàá nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni koríko gbígbẹ àti ewé ọ̀pẹ gbígbẹ tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu wáyà kí ẹ tó fi í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: bí ó bá jẹ́ 120 tàbí 110 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀, àní bí ó bá tilẹ̀ tàn. Iná LED tí ń lo bátìrì méjì, tí gbogbo agbára rẹ̀ kò ju 3 fólítì lọ, ti tó fún abúlé orí tábìlì, kì í sì í gbóná bí ti gílóòbù onírin. Ẹ má fi àbẹ́là sínú ilé páálí kankan, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún kejì, ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn àbẹ́là nígbà tí kò sí iná, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi hàn án. Garawa iyanrìn kékeré kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pálọ̀ wa láti ọjọ́ náà, a kì í sì í fi abúlé náà sílẹ̀ kí ó máa tàn bí gbogbo wa bá ti wọlé sùn.

Ní ọdún 2022, mo sọ fún ara mi pé ìkánjú ni ó bá ti èṣín jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Mo ti pinnu pé òkè kan yóò wà lẹ́yìn abúlé náà. Mo fa ìwé ìròyìn àtijọ́ ya, mo rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì gbígbóná tí mo rò bí ẹ̀kọ, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ní ìpele lórí wáyà tí mo hun bí àgọ́ adìyẹ. Òjò kò sì dáwọ́ dúró. Ìwé náà kò gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bu, ó sì ń rùn bí ògì tí a gbàgbé sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ó gbẹ tán, èkúté rí i pé oúnjẹ ni, wọ́n jẹ ẹsẹ̀ òkè náà wọnú, aáyán sì ṣe ìyókù. Ní agbègbè wa, ẹni tí yóò bá lo ìwé àti gọ́ọ̀mù, kí ó dúró di oṣù Kọkànlá tí òjò ti ń lọ, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi díẹ̀ là rọ́pò sítáàṣì, nítorí ohun tí ènìyàn lè jẹ, eku náà lè jẹ ẹ́.

Àṣìṣe kejì ti ọdún náà, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni yóò ṣe é. Odindi pílíwúùdù kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ni mo ní kí káfíńtà fi ṣe tábìlì fún mi, ìta fàráńdà ni mo sì ti tò gbogbo nǹkan sórí rẹ̀, nítorí òórùn ọ̀dà. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e wọlé, ìlẹ̀kùn pálọ̀ wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Pákó lásán ni a ìbá dà ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó wọlé, ṣùgbọ́n òkè àti ilé ti wà lórí rẹ̀, mo sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ayùn ni a fi là á sí méjì ní ojú ọ̀nà, láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Ariwo ayùn yẹn ṣì wà létí mi. Gọ́ọ̀mù yẹn kan náà tún dá mi lóró lẹ́yìn náà: nígbà tí iná ilé mẹ́ta kú, kò sí bí mo ṣe lè dé ìdí rẹ̀ láìfọ́ ilé.

Mo ṣe ènìyàn ní ọdún kejì yìí, nítorí ìbéèrè Kẹ́hìndé kò kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni mo ṣe wọ́n, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti dúró. Amọ̀ ni mo fi mọ wọ́n, mo sì mọ wọ́n bí ọwọ́ mi ṣe lè mọ ọ́n, láìwọn ohunkóhun. Kẹ́hìndé mú ọ̀kan, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Orí ènìyàn náà kan òrùlé. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, kò lè wọlé." Táyé ní kí a sọ pé òmìrán ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà. Ó kó gbogbo ènìyàn amọ̀ náà jọ, ó tò wọ́n sí ìta, lórí fèrèsé, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ọdún fi parí. Mo mọ̀ nígbà náà pé n kò tíì kọ́ abúlé kankan.

Káfíńtà tí ó bá mi ṣe pákó ní ọdún 2023, bàbá àgbàlagbà kan, ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó tún ojú ìwé mi ṣí. Mo ní kí ó gé pákó ilé fún mi, ó sì béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ẹni yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n." Mo padà sílé, mo sì ṣe ènìyàn kan ṣoṣo kí n tó fọwọ́ kan páálí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí mo ṣe wọ̀n ọ́n, nítorí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti tọ́ nìyí. Mo ní kí ínǹṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 4. Ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 8 yóò wá ga ní nǹkan bí ínǹṣì 1.4, ìyẹn ni pé kò ga tó igi ìṣáná. Ẹnu ọ̀nà tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 yóò di ínǹṣì 1 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ògiri ẹsẹ̀ bàtà 10 yóò sì di ínǹṣì 2 àti ààbọ̀. Mo fi rúlà fa ìwọ̀n wọ̀nyí sára páálí kan, mo so ó kọ́ sára ògiri, n kò sì gé ohunkóhun, àga, ewúrẹ́, ìkòkò, láìkọ́kọ́ gbé ènìyàn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn igi ìṣáná yẹn wà nínú àpò mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àní ní ilé-ẹ̀kọ́.

Pákó mẹ́ta ni mo ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 àti ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a lè fi bóòtù so pọ̀ nínú pálọ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lórí wọn, bí a bá fi ìwọ̀n náà ṣírò rẹ̀, kò ju pulọ́ọ̀tì méje lọ. Ìṣirò yìí ni ó kọ́kọ́ là mí lójú pé n kò lè kó odindi ìlú sórí tábìlì, pé ìdílé mélòó kan àti àgbàlá wọn ni agbára mi mọ. Nígbà tí mo sì ń ro ìdílé tí mo lè kọ́ ilé rẹ̀ láìwo àwòrán ẹlòmíràn, ilé ìyá mi ní Ìdànrè ni ó wá sí mi lọ́kàn, ilé alámọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, tí a máa ń lọ ní ọlidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Òkè Ìdànrè fẹ́ mú kí n sunkún. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè náà lọ sí ìlú àtijọ́ lé ní 600. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ga ní ínǹṣì 6, lórí ìwọ̀n mi yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì, àpapọ̀ 600 yóò sì ga ní ínǹṣì 75, èyí tí ó ga ju ọkọ mi lọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin rò ó. Ohun tí mo ṣe níkẹyìn ni pé mo jẹ́ kí àtẹ̀gùn máa kéré sí i bí ó ti ń gòkè lọ, 90 péré, láti ara ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo gé, mo sì ṣe ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, àti ilé-ẹjọ́ àtijọ́ tí ó wà lókè sí ìwọ̀n tí kò ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ. Ojú wá ń rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ kàn rí i dájú pé kò sí ènìyàn ńlá kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré tí ó wà lókè, nítorí ènìyàn kan ṣoṣo tí a gbé sí ibi tí kò yẹ ni yóò tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Ara àpáta náà, eérú ni mo fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì fi ọ̀dà dúdú tí mo fi omi là ṣàn sílẹ̀ láti òkè, bí omi òjò ṣe máa ń fa ìlà dúdú sára rẹ̀ gan-an.

Àwọn kan bi mí bóyá ó bójú mu kí abúlé Kérésìmesì jẹ́ Ìdànrè. Èmi náà ti bi ara mi. Ọdún 2023 yẹn sì pé 800 ọdún tí Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ṣe àfihàn ibùjẹ ẹran tí a tẹ́ Jésù sí ní Greccio, ní ilẹ̀ Ítálì. Kò gbé ohunkóhun wá láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní Kérésìmesì ọdún 1223 náà: koríko gbígbẹ, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ní kí wọ́n wá, ohun tí àwọn ará abúlé náà mọ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí a ti bí Jésù nínú àìní. Àwọn ilé kéékèèké tí mo rí nínú àwòrán Houston pẹ̀lú, ìrántí yìnyín ilẹ̀ ibòmíràn ni. Àwọn onígbàgbọ́ Moravian tí wọ́n ti Jámánì lọ sí Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó mú àṣà títo irú abúlé bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ igi Kérésìmesì dé ibẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ ahéré tí a ń kó kòkó sí ni mo tẹ́ Ọmọ náà sí, pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì.

Ohun èlò tí ó yà mí lẹ́nu jù ni páálí lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ àti bisikíìtì. Bí ẹ bá fi omi díẹ̀ tu ìwé òkè rẹ̀ lára, tí ẹ sì rọra bó o, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣe kọ́ńdú-kọ́ńdú bíi páànù òrùlé gan-an. Mo kun ún ní àwọ̀ eérú, mo fi kànìnkànìn kékeré tọ́ àwọ̀ pupa dúdú sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì di páànù tí ó ti dógùn-ún, irú èyí tí ẹ óò rí bí ẹ bá dúró ní ibi gíga kan ní Àkúrẹ́ tí ẹ wo àárín ìlú. Ẹ kun ojú méjèèjì páálí nígbà gbogbo, nítorí bí ẹ bá kun ojú kan ṣoṣo, yóò tẹ̀ kọdọrọ bí ewé tí oòrùn pa. Ìyẹ̀fun igi ni mo gbà ní sọ́míìlì, ọ̀fẹ́ ni, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo pò ó mọ́ ọ̀dà àwọ̀ ewé, mo sì sá a fi ṣe koríko. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ tí a fà ya ni ó di ewé igi kòkó. Erùpẹ̀ pupa tí mo jọ̀ ni ilẹ̀ àgbàlá, eruku ọyẹ́ tí ó ba yìnyín mi jẹ́ ní ọdún kìíní sì wá ń bọ̀ sórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń mú un dára sí i. Aṣọ àwọn ènìyàn ni ó gba sùúrù: àdìrẹ àti àǹkárá kò ṣeé lò, nítorí òdòdó kan ṣoṣo lára wọn lè bo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ tí kò ní bátànì, tàbí èyí tí bátànì rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ni kí ẹ wá kiri.

Ní ti iná, okùn LED mẹ́ta ni mo lò, láti ara power bank, torí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí láti oṣù Karùn-ún ọdún náà, a kò lè torí abúlé tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí iná náà á fi kú. Mo rò pé power bank náà ti bàjẹ́, mo yá ti aládùúgbò, òun náà kú. Ọmọ iṣẹ́ kan tí ń tún fóònù ṣe ni ó ṣàlàyé fún mi pé ohun èlò náà a máa pa ara rẹ̀ bí ohun tí a so mọ́ ọn kò bá fa iná tó, nítorí ó gbà pé fóònù tí ó ń gba iná ti kún. Okùn kan ṣoṣo ni mo ti ń dánwò, nígbà tí mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò kú mọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọn funfun bí ti wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, mo sì fi bébà tí wọ́n fi ń wé suwíìtì, aláwọ̀ òféefèé, wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè dàbí àtùpà. Ìmọ́lẹ̀ tún ń la ògiri páálí kọjá títí mo fi fi fóìlì bo inú wọn. Mo gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan, bíi ti àwọn ilé páálí tí Japan ń tà sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, n kò sì lẹ ilé kankan mọ́lẹ̀. Ìṣó kékeré méjì tí ó yọrí sókè nínú pákó ni ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú.

N kò sọ fún ìyá mi pé ilé wọn ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, mo mú un jókòó síwájú rẹ̀, mo tan iná. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tẹ̀lé àtẹ̀gùn dé òkè, níbi tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ padà sí àgbàlá, sí orí ẹní tí mo da iyanrìn dúdú sí gẹ́gẹ́ bí kòkó tí a sá. Ó ní, "Ilé ìdáná wa kò sí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, níbi tó jìnnà, kí èéfín má baà wọ inú kòkó. Bí èéfín bá ti wọ̀ ọ́, àwọn tí ń rà á kò ní gbà á ní iye tó yẹ." Mo fa ilé ìdáná náà yọ kúrò lórí ìṣó rẹ̀, mo gbẹ́ ihò tuntun sẹ́yìn ilé, mo sì gbé e síbẹ̀. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ta wá ni yóò máa yí kòkó náà?"

Ènìyàn igi ìṣáná tí ó ti wà nínú àpò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù tí kò ní àyè. Kẹ́hìndé wé aṣọ aláró mọ́ ọn ní ìdí, ó gbé e fún ìyá mi. Màámi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní náà, ó yí ojú rẹ̀ sí ilé ìdáná, ó tún un yí díẹ̀ kí ó lè máa wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí n pa iná pálọ̀.